Onítípà Àti Òkúta Ìyàwó Rẹ̀

Iṣẹ́ fífa òkúta tó mọ́ bíi dígí ni ìyàwó Onítípà ń ṣe nílé iṣẹ́ kan. Wọ́n á yọ́ ògidì èròjà nínú iléru, wọ́n á bu èròjà mìíràn tín-ín-tín sí i, bí ẹni fi ọmọ ìka bu iyọ̀. Láìsí ìyẹn, òkúta náà ò ní gbọ́ràn. Obìnrin náà á wá ki òkúta kékeré kan bọ inú èròjà tó yọ́ náà, ẹ̀rọ á sì máa fà á sókè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí yóò fi di ọ̀pá dídán. Pẹlẹbẹ ni wọ́n ń gé e sínú ẹ̀rọ kékeré tí àwọn tó ń ya ẹ́síréè ń fi sáyà. Òun ló ń mọ̀ bí ìtànṣán tójú ò rí ṣe ń bà wọ́n tó. Bó bá lábùkù, irọ́ ló máa pa fún wọn.

Òkúta obìnrin yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í lábùkù. Ojú kan náà ni àbùkù náà ń wà, ibi tí ẹ̀rọ máa ń fà á dé nígbà tílẹ̀ bá fẹ́ ṣú.

"Ìyá," ọ̀gá rẹ̀ sọ, "àbí ẹ ti ń kánjú àtilọ sílé ni? Tó bá tún bàjẹ́, ẹ máa lọ bá àwọn tó ń di ẹrù."

Obìnrin náà padà sídìí ẹ̀rọ. Iṣẹ́ yìí nìkan ló mọ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, omi inú ife rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ́ńjìnnì típà kan ń dún níta, ó sì mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ ìhanrun ẹni tó ń wà á. Ó pe ọ̀gá, ó ní ohun tó ń mi omi náà ló ń mi òkúta.

"Ta ló ni típà yẹn?"

"Ọkọ mi ni, sà. Látìgbà tí wọ́n ti fún un lọ́kọ̀ ńlá yìí ló ti ń wá gbé mi."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Kó má wá lọ́la, ká wò ó."

Onítípà ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀ nígbà tíyàwó rẹ̀ sọ fún un nínú ọkọ̀. "Èmi tí mò ń wá gbé ẹ kí ẹsẹ̀ má bàa dùn ẹ́, èmi náà ni mo wá di ọ̀tá òkúta? Ṣé òun ni ọkọ ẹ báyìí?"

"Ìyàwó yín kékeré ni, olówó orí mi. Òjòwú sì ni."

Onítípà forí ọkọ̀ lé ilé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, típà ò wá, omi ò sì gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n gé òkúta náà, ó mọ́ tónítóní. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ẹrù dídì.

Ẹ̀yìn oríta ni Onítípà ń gbé ọkọ̀ sí báyìí, á wá fẹsẹ̀ rìn wá pàdé ìyàwó rẹ̀. Bó bá dé ẹnu géètì, orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló ń rìn. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì bi í bóyá ẹ̀gún ló gún un.

"Rárá o," ló wí, "ìyàwó kékeré ń sùn."