Orúnkún Mi Kò Gbọ́ Pé Mo Ti Rù

Nígbà tí mo sanra, orúnkún ọ̀tún mi máa ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Dókítà kan ní Sokodé ní ara mi ló wúwo jù fún un, kí n dín in kù. Mo gbà á gbọ́. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi kọ iyán sílẹ̀, tí mo ń jẹ ewébẹ̀ bí ewúrẹ́, tí mo ń fẹsẹ̀ rìn láti ilé mi ní àdúgbò Komah dé ìsọ̀ tí mo ti ń ránṣọ. Àwọn onízémi á dá alùpùpù wọn dúró, wọ́n á ní kí n gun ẹ̀yìn. Èébú ni mo fi ń dá wọn lóhùn.

Ara náà lọ lóòótọ́. Awọ rẹ̀ ló kọ̀ tí kò bá a lọ. Ikùn mi di ohun tí mo ń ká jọ kí n tó ró ìró. Ìdí mi, tí mo ti ń jókòó lé láti kékeré láìronú, lọ láì dágbére. Gbogbo ìyẹn ni mo lè fara mọ́. Ohun tí mi ò lè dárí jì ni pé orúnkún ṣì ń dùn mí. Mo padà lọ bi dókítà. Ó ní ohun tó wà láàárín eegun ti gbó, kò sì ní padà mọ́. Ó yẹ kó ti sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó bá iyán jà.

Kì í ṣe nítorí ẹwà ni mo ṣe fẹ́ rù. Ní Kambolé, ìlú wa, ọmọbìnrin kì í kí ìyá rẹ̀ lóòró. Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, mo dúró gbọnrangandan kí ìyá mi bí ọlọ́pàá, nítorí mi ò lè kúnlẹ̀. Àwọn obìnrin ilé wo ara wọn lójú. Ojú tì mí débi pé mi ò padà lọ fún ọdún méjì. Mo máa ń pè é lórí tẹlifóònù, mo ń fi iṣẹ́ ṣe àwáwí. Nínú ọkàn mi, mo ti búra pé ọjọ́ tí mo bá tún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, màá kúnlẹ̀.

Lẹ́yìn ààwẹ̀ tó kọjá, mo wọ mọ́tò lọ sí Tchamba. Tẹ́lẹ̀, àyè ẹni méjì ni mo máa ń gbà. Lọ́tẹ̀ yìí awakọ̀ wò mí, ó ní, "Maman, serrez un peu," pé kí n sún díẹ̀, ó sì ki ọkùnrin kan àti adìyẹ rẹ̀ mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí kòtò kan lójú ọ̀nà tí eegun ìdí mi ò mọ̀. Ní Tchamba mo gun zémi dé Kambolé.

Èrò kún àgbàlá wa. Àwọn àáfà jókòó lórí ẹní, wọ́n ń ṣàdúà, abọ́ màsà sì ń lọ yíká. Mo rò pé ẹnì kan ti kú. Mo rọra jókòó sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó dá mi mọ̀. Wọ́n gbé màsà dé ọ̀dọ̀ mi. Ebi ń pa mí, mo jẹ méjì. Mo wá bi obìnrin tó jókòó tì mí pé ta ni wọ́n ń ṣàdúà fún.

"Ọmọbìnrin ìyá tó nilé yìí ni, èyí tó wà ní Sokodé," ó ní. "Àìsàn ti mu ún gbẹ. Onízémi kan, ará Goubi tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló rí i. Wọ́n ní ó ku egungun."

Sàráà àìsàn ara mi ni mo ń jẹ. Mo mú ẹ̀kẹta.

Ìgbà yẹn ni ìyá mi gbójú sókè, ó rí mi, ó kígbe. Gbogbo wọn yíjú. Mi ò dúró. Mo lọ bá a, mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì. Ti ọ̀tún dún kọ̀, omi sì dà lójú mi.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ìyá mi."

Ó di apá mi mú, ó ń fọwọ́ fa awọ tó rọ̀ náà wò. "Kí ló ṣe ọ́? Ṣé ọkọ rẹ ò fún ọ lóúnjẹ ni?"

Mo ní ara mi le, pé régime, ìdínkù oúnjẹ, ni mo ṣe, èmi fúnra mi ni mo rù, kí n lè kúnlẹ̀ kí i.

"Nítorí ìyẹn ni o ò ṣe wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọdún méjì," ó ní. "Ọdún méjì ni mo fi ń wá ohun tí mo fi ṣẹ̀ ọ́."

Mo fẹ́ dìde gbá a mọ́ra, orúnkún kọ̀. Níbi tí mo kúnlẹ̀ sí náà ni mo ti bẹ̀ ẹ́.