Ìka Binta Lára Amọ̀

"Ìyá kékeré" ni mo ń pe Binta títí di ọdún 1989. Láti ìgbà náà, Binta lásán ni. Ẹni tó bá ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́, kó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó fi ìyá mi ṣe.

Salimat lorúkọ ìyá mi; Hadiyyah ni tèmi. Ìdí iṣẹ́ ìkòkò ni wọ́n bí wọn sí ní Ìlọrin níbí, amọ̀ wíwà sì ni tiwọn gan-an, nítorí ọwọ́ wọn le, ẹ̀rù kì í sì í bà wọ́n. Kòtò amọ̀ ilé wa jìn ju ìdúró èèyàn méjì lọ. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn á mú kí etí rẹ̀ sán káàkiri. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá wá dé, omi á wọ ibi tó sán, ògiri kòtò á wúwo, á sì ya lulẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò retí. Ó ti pa èèyàn rí. Ìdí nìyẹn tí àwọn alámọ̀ fi ní òfin tí wọn kì í fi ṣeré: bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ kòtò fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá pé, ẹnì kan ní í wọlé, ẹnì kejì á dúró lókè. Ẹni òkè yìí kì í jókòó, kì í dá ẹni tó ń kọjá lóhùn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa wo ilẹ̀ bóyá ó sán, kó sì figbe ta bí iyẹ̀pẹ̀ bá ti ń já díẹ̀díẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ni ìyá mi fi wà nísàlẹ̀ tí Binta wà lókè. Ilé kéwú kan náà ni wọ́n jọ lọ. Bí mo bá ní kí ìyá mi máa gbójú sókè wo ògiri, ẹ̀rín ni wọ́n á rín. "Binta ni ojú mi."

Lọ́dún yẹn, òjò àkọ́kọ́ rọ̀ nígbà tí ààwẹ̀ ku ọjọ́ méjìlá. Gbogbo ayé ló ń wá ìkòkò omi tútù tí wọn yóò fi ṣínu. Àwọn oníbàárà láti Malete ti ránṣẹ́ ìkòkò sí Binta lẹ́ẹ̀mejì, amọ̀ sì ti tán nílé. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì òjò náà ni Binta yọ sí wa.

"Ìyá Hadiyyah, dìde ká lọ. Mo ti yẹ òkè wò. Kò sán rárá, wallahi."

"Ọjọ́ mẹ́ta ò tíì pé, ìwọ náà mọ̀."

"Ṣé mo ti parọ́ fún ẹ rí ni?"

Kò parọ́ rí. Ìyá mi gbé ọkọ́ àti apẹ̀rẹ̀.

Apẹ̀rẹ̀ kẹta ni wọ́n ń dì nígbà tí ògiri ya. Ilé ìwé ni mo wà ní Ṣàngó tí wọ́n fi wá pè mí. Iyẹ̀pẹ̀ ti bo ìyá mi dé àyà, Binta ló sì fi ọwọ́ lásán wà wọ́n jáde, títí èékánná rẹ̀ mẹ́ta fi ya. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn fọ́ láti orúnkún. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn títí dòní. Gbogbo àdúgbò ń yin Binta, àwọn àlùfáà ń ṣàdúà fún un. Èmi náà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sunkún, mo ń dúpẹ́. Inú ṣì ń bí mi sí omijé yẹn.

Lọ́jọ́ kẹfà, ìyá mi rán mi lọ wá ọkọ́ wọn, nítorí ogún ìyá wọn ni. Òjò ò tíì padà rọ̀. Mo rí ọkọ́, ṣùgbọ́n mo rí nǹkan mìíràn lára ògúlùtu tó já láti òkè. Ilẹ̀ pupa ni etí kòtò wa. Ẹnì kan ti fi amọ̀ ìkòkò aláwọ̀ eérú dí ibi tó sán, ó gùn tó apá mi, ó sì ti fi ìka dán an bí ẹni ń tún ìkòkò ṣe. Mo gbé ègé kan lọ sílé.

Ìka ìlábẹ̀ Binta ti là lórí láti kékeré. Gbogbo ìkòkò rẹ̀ ló máa ń ní ilà méjì níbi tó yẹ kí ẹyọ kan wà. Ìyá mi gbé ègé amọ̀ náà sún mọ́ ojú. Ilà méjì ló wà níbẹ̀.

"Ó rí i," ni wọ́n ń wí. "Ó rí i, ó sì dí i kí n má baà rí i."

Wọn ò sunkún bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń to eegun wọn. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Nígbà tí wọ́n nu ojú tán, wọ́n ní kí n fi ègé náà sáàárín ìkòkò tí wọ́n fẹ́ sun.

Nígbà tí ààwẹ̀ ku ọ̀la, tí oníkálukú ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wọn, Binta wá.

"Ìyá Hadiyyah, bí mo bá ti ṣẹ̀ ẹ́, foríjì mí nítorí Ọlọ́run."

Ìyá mi fa amọ̀ sísun náà yọ lábẹ́ ẹní, wọ́n gbé e síwájú rẹ̀. Binta wò ó. Ó ká ìka rẹ̀ tó là mọ́ àtẹ́lẹwọ́.

"Mo rò pé yóò dúró títí a ó fi wa apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá," ló sọ.

"Ká ní o sọ fún mi pé ó sán ni," ìyá mi ní, "ǹ bá ṣì wọ kòtò náà nítorí rẹ. Ǹ bá kàn máa gbójú sókè ni."