Adé tó Ga ju Ẹnu Ọ̀nà Lọ

Àgbàlá ẹbí wa ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni a gbé dàgbà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń ṣe adé tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń dé nígbà kánífà, tí wọ́n bá ń jó káàkiri òpópónà lásìkò ọdún. Wáyà, páálí àti ìyẹ́ adìyẹ tó pa láró ni ohun èlò rẹ̀. Bó bá ti kí àsùbáà tán, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á káwọ́ gbera, á máa dúró kí irú adé tó máa ṣe wá sí i lọ́kàn. Èmi á gbé tíì wá fún un.

"Sìsí, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀?"

"Kò tíì wá bá mi ni. Má kán mi lójú."

Bí ohun tó ń retí bá dé, ojú rẹ̀ á tàn, á ní kí n bá òun di wáyà mú. Bó bá parí, á bi mí pé kí ni mo rí nínú rẹ̀. Mo lè ní ẹja ni, tàbí iná. Á bú sẹ́rìn-ín: "Ẹja kẹ̀! Èmi náà ò mọ̀ pé ẹja ló wà níbẹ̀." Àárò àwọn òwúrọ̀ yẹn ń sọ mí gan-an.

Lọ́dún kan, ó ṣe adé kan tó rẹwà débi pé fọ́tò rẹ̀ kún orí fóònù gbogbo èèyàn. Àwọn kan ń ti Lẹ́kí wá wò ó. Wọ́n ní àràmàǹdà ni. Inú wa dùn. Ìgbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé kì í dúró de nǹkan kan mọ́, kì í sì í bi mí ní ohun tí mo rí. Oorun dá lójú rẹ̀. Ìyá wa ní kó sinmi díẹ̀.

"Màámi, irú èmi kì í sùn," ló fi dá wọn lóhùn. "Èmi ni mo dá gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Kò sẹ́ni tó fún mi."

"Àsìtàgàfúrúláì!" ni ìyá wa wí. "Ọmọ mi, rọra sọ̀rọ̀."

Adé tó ṣe tẹ̀lé e ga ju ẹnu ọ̀nà wa lọ. Káfíńtà ló yọ férémù ilẹ̀kùn ká tó rí i gbé jáde. Ọmọbìnrin tó fẹ́ dé e gbìyànjú títí, ọrùn rẹ̀ ò gbé e. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á, ó dé e fúnra rẹ̀, ó sì bá àwọn oníkánífà jó lọ. A ti sún mọ́ Apọ́ngbọ̀n nígbà tí atẹ́gùn ọ̀sà kọlù ú, ó sì ṣubú lulẹ̀ lójú títì. Ìṣubú náà kọ́ ló bà mí lẹ́rù jù. Níbi tó wà nílẹ̀, ó ń pariwo mọ́ atẹ́gùn pé kó kúnlẹ̀ fún òun.

Wọ́n tọ́jú ọrùn rẹ̀ ní ọsibítù, wọ́n sì darí wa sọ́dọ̀ dókítà obìnrin kan tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Mo bá a lọ. Dókítà náà gbọ́ tẹnu rẹ̀ pẹ́, kó tó ní:

"Ẹ̀bùn yín kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n tí àlejò ńlá bá wọ̀ sílé èèyàn, tí onílé wá rò pé òun gan-an ni àlejò náà, ta ló kù tó máa ṣọ́ ilé?"

Ẹ̀gbọ́n mi sunkún. Ó lo oògùn, ó ń lọ bá dókítà náà sọ̀rọ̀ léraléra, títí oorun fi padà sójú rẹ̀. Ara rẹ̀ le, a dúpẹ́. Ó lọ́kọ, ó kó lọ sí Ìkòròdú, yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ló ń rán báyìí.

Oṣù tó kọjá ni mo lọ kí i. Nígbà tí a jẹun tán, mo ní: "Sìsí, àárò yín ń sọ mí. Ti ìgbà yẹn."

Ó kó àwo jọ, ó ní: "O rò pé èmi náà ò wá a? Mo ń wá ohun tó máa ń wá bá mi nígbà yẹn lójoojúmọ́. Mi ò tíì mọ bí èèyàn ṣe ń gbà á láìjẹ́ kó gbéni lọ ni."

Ó sìn mí dé etí omi. Mo wọ ọkọ̀ padà sí Ìsàlẹ̀ Èkó, mo sì kọjú sẹ́yìn títí mi ò fi rí i mọ́.