Bí Ìyàwó Wa Ṣe Múra Ìdánwò Lójú Ọ̀nà Ọ̀kà

Ọkọ̀ akérò ni mò ń wà láti Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní ìyàwó wa, ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀kà. Ọ̀kà náà ni ìlú rẹ̀, ibẹ̀ la ti lọ fẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Òkè-Àgbè, ọ̀nà tiwọn ò pa pọ̀, nítorí náà èmi ni mò ń gbé ìyàwó wa lọ síbi iṣẹ́. Láàárọ̀, kí gáréèjì tó kún, á ti jókòó síwájú ọkọ̀ mi, á ti de bẹ́líìtì, fóònù á ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdánwò ló ń múra fún, èyí tí wọ́n fi ń mú àwọn tó fẹ́ gba oyè kejì nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Ó ti ṣe é lọ́dún tó ṣáájú, kò yege. Ó ku díẹ̀ ni. Ó wá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi níṣojú mi pé òun á tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, bí kò bá sì bọ́ sí i, òun á gbé ọ̀rọ̀ náà jù sílẹ̀, òun ò ní dárúkọ rẹ̀ mọ́. Kò sunkún. Iṣu ló ń bẹ bó ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ara iṣu ló ń bẹ mọ́ èèpo, ẹ̀gbọ́n mi náà sì rí i.

Ó yẹ kí n sọ bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ká má tiẹ̀ sọ ti ìwé. Èmi, SS1 ni mo ti kúrò ní ilé ìwé. Kì í ṣe pé bàbá mi ò lè rán mi. Ọkọ̀ ni mo fẹ́ wà, mo sì rò pé ìwé á máa dúró dè mí. Síbẹ̀, nítorí pé wọ́n ti bí mi kí ìyàwó wa tó wọlé wa, ọkọ ló ń pè mí. "Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi." Kò pe orúkọ mi rí, kò sì fi "ìwọ" bá mi sọ̀rọ̀ rí. Mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan pé kó fi ẹ̀yin yìí sílẹ̀, pé ojú ń tì mí lójú àwọn èrò. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí àwọn ará Ìkàrẹ́ máa sọ pé Ọ̀kà ò kọ́ ọmọ wọn nílé ni.

Bó ṣe ń ka ìwé rẹ̀ nìyí. Kí ọkọ̀ tó kún, èmi ni mò ń di fóònù mú, màá ka ìbéèrè sókè. Bí mo ṣe ń ka òyìnbó dà bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́ láìwọ bàtà. Ìyàwó wa á di ojú rẹ̀, á dúró dè mí. Ó ní bí mo ṣe ń falẹ̀ yẹn dára fún òun, ó ń fún òun láyè láti ronú. Bó bá ti dáhùn tán, tí mo sì ti wo ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀, á wá fi Yorùbá sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo kọ́kọ́ rò pé àánú mi ló ń ṣe é. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ló ń lò mí. Bí mo bá kàn mi orí, á rí i.

"Ẹ má mi orí fún mi, ọkọ mi. Ẹ tún un sọ."

Bí mi ò bá lè tún un sọ, kì í bínú, kì í sì í sọ pé orí mi le. Á ní ó jọ pé òun gan-an lòun ò tíì mọ̀ ọ́n, á sì padà sínú ìwé. Lọ́jọ́ kejì á tún gbé e wá láti ọ̀nà mìíràn. Àwọn olùkọ́ tó kọ́ mi nígbà kan, orí mi ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi, wọ́n á tún fi pàṣán tì í lẹ́yìn. Bí mo bá rántí wọn, tí mo tún wo ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, màá ka ìbéèrè tó kàn.

Lọ́jọ́ kan, ìyá kan tó fẹ́ sọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀kà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lé mi lórí. Ẹrù rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kó sínú búùtù ní Ìkàrẹ́, mo sì ti kó ti gbogbo èrò tó kù lé e lórí. Mo ń tú ẹrù sílẹ̀ lójú títì, ìyá náà ń bi mí bóyá àná ni wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ ọkọ̀. Ìyàwó wa bọ́ sílẹ̀, ó bá mi di àpò gààrí mú. Nígbà tá a padà sínú ọkọ̀, ó ní ohun tá a ń kà láti ọjọ́ Ajé nìyẹn, tí mò ń sọ pé kò yé mi: èyí tí wọ́n kó sí i kẹ́yìn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde. Ó ní sítáàkì ni wọ́n ń pè é, pé inú kọ̀ǹpútà kún fún un. Láti ọjọ́ yẹn kò tún ṣòro fún mi mọ́. Ìyá yẹn ò sì mọ̀ pé òun ti ran èèyàn lọ́wọ́.

Àwọn èrò náà kì í dákẹ́. Bàbá àgbẹ̀ kan wà tó máa ń wọ ọkọ̀ wa bó bá ń ti Ugbè bọ̀. Ó fẹ́ràn láti fi ìyàwó wa ṣe ẹlẹ́yà. Ó bi í láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ìwé tó ń kà láti ìgbà òjò yìí, ṣé ìwé náà máa ń bímọ ni.

Ìyàwó wa ò wẹ̀yìn. Ó ní, "Ó ń bímọ, bàbá. Fóònù tó wà lápò yín yẹn, ọmọ rẹ̀ ni."

Bàbá náà fọwọ́ kan àpò rẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n bá òun kìlọ̀ fún ọmọ náà, àìgbọràn rẹ̀ ti pọ̀ jù, iná kì í pẹ́ nínú rẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín títí a fi dé orí òkè.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, ìwé kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Bí wọ́n bá pe nọ́ńbà orin, tí gbogbo wa ń ṣí ìwé orin láti iwájú, àárín gan-an ni ìyàwó wa máa ń là. Á wo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, á pa ìlàjì tí orin náà ò sí tì, á tún la àárín èyí tó kù. Kí ìyá mi tó rí awò ojú rẹ̀, ìyàwó wa ti ń kọrin. Á wá ṣẹ́jú sí mi. Mo mọ̀ pé ìbéèrè àná, lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń yára wá nǹkan, ló ń dáhùn.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tó ń gbé e ṣubú. Nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n máa ń to nǹkan sínú ihò tó tẹ̀ léra, bí ilé ẹyẹlé. Ihò àkọ́kọ́ kì í jẹ́ ọ̀kan. Òfo ló ń jẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ló ń jẹ́ ọ̀kan. Ìyàwó wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Bí èèyàn bá bi í jẹ́jẹ́, á gbà á. Ṣùgbọ́n bí kíkà náà bá fara pamọ́ sínú ìbéèrè ńlá, tí mo sì ń wo aago fún un, ìka rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan lórí itan rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á máa kà wúyẹ́wúyẹ́ ní èdè Ọ̀kà, ìdáhùn tó máa mú á sì fi ọ̀kan ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgbà gbogbo ni. Kì í fi méjì jù ú, kì í dín. Ó ní òun mọ̀ pé ohun tó lé òun padà lọ́dún tó ṣáájú nìyẹn, pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ó gbìyànjú láti máa kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló ń ṣì í bákan náà.

Ọ̀sẹ̀ ìdánwò wá dé tán. Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé e lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ọ̀kà. Ìyá náà ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìn ilé, a jókòó tì í, a ń bá a bó o. Ó béèrè ọjọ́ ìdánwò. Ọmọ rẹ̀ ní Ọjọ́rú ni. Ìyá náà gbé ọwọ́ sókè, ó fi àtàǹpàkò ka òní, ó fi èyí tó tẹ̀ lé e ka ọ̀la, ó kà á títí ó fi kan ọmọńdinrín. Ó ní ó dára, ọrún òní ni, òun á gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Èmi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Bí gbogbo wa ṣe ń kà á nìyẹn. Ọjà ọrọọrún, ọjọ́ tí wọ́n ná an gan-an la ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ṣùgbọ́n ìyàwó wa ti gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀.

"Màmá, ẹ tún un kà."

Ìyá náà tún un kà.

"Ẹ ka òní mọ́ ọn."

"Kí ló dé tí mi ò ní ka òní? Ṣé òní kì í ṣe ọjọ́ ni?"

"Níbi tí mò ń lọ, Màmá, wọn kì í ka òní. Òfo ni wọ́n ń pe òní."

Ìyá náà wò mí, bí ẹni tó ń béèrè bóyá ara ọmọ òun yá. Ó wá ní ẹni tó bá pe òní ní òfo, kó má jẹun lónìí, ká wo bó ṣe máa dé ọ̀la.

Ìyàwó wa rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Kò sí ìgbà tí mo rí i kó rẹ́rìn-ín báyìí ní gbogbo oṣù yẹn. Ó ṣàlàyé fún mi nígbà tá à ń padà bọ̀. Ó ní ìyá òun ló kọ́ òun ní kíkà, lórí ọjọ́ ọjà, kí òun tó mọ ilé ìwé rárá. Ohun tí wọ́n kọ́ òun ní yunifásítì wà lókè, ti ìyá òun wà nísàlẹ̀, bí eré bá sì ti le, èyí tó wà nísàlẹ̀ ni ẹsẹ̀ máa ń tẹ̀. Mo bi í pé ṣé ìyá ló ṣì í kà. Ó ní rárá o. Ó ní kíkà ìyá òun péye fún ọjà, kò sì sí ẹni tó lè fi tiẹ̀ pa ọjà jẹ. Ilé mìíràn ni kọ̀ǹpútà, bí ilé náà ṣe ń ṣe lòun á sì máa ṣe tóun bá débẹ̀.

Mo rò ó lọ́kàn mi pé ẹni tó ń pe ọmọdé bíi mi ní ọkọ, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ilé onílé tipẹ́.

Ohun tó ṣe ni pé ó pa gbogbo ìwé tó kù tì. Kíkà láti orí òfo yìí ló ń fi ìyà jẹ ẹ́, òun nìkan ló sì ń kọ́ láti ọjọ́ náà. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, á kọ́kọ́ di ẹ̀ṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ yẹn ni òní, òun ni òfo. Lẹ́yìn ìyẹn ni àtàǹpàkò á wá jáde, á jẹ́ ọ̀kan. Lọ́jọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà, ẹ̀ṣẹ́ ló ń dì tó ń ṣí. Bàbá àgbẹ̀ yẹn wò ó láti ẹ̀yìn títí, ó wá fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní kí n rọra o, obìnrin yìí ti fẹ́ gbá mi létí, kí n yáa bẹ̀ ẹ́ kó tó di pé ọkọ̀ wọgbó.

Èmi ni mo gbé e lọ síbi ìdánwò ní Àkúrẹ́. Mo dúró lábẹ́ igi pẹ̀lú àwọn tó kó èèyàn wọn wá, mi ò lè jẹ àkàrà tí mo rà. Nígbà tó jáde, omi ló kọ́kọ́ béèrè. Mo bi í pé èwo ló le jù nínú wọn.

Ó ní, "Èyí tó rọrùn jù."

 A ti rin ọ̀nà jìn kó tó sọ pé ó tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò wá dúró tì òun, ó ń wo ọwọ́ òun, bóyá òun kọ nǹkan sínú ẹ̀ṣẹ́ tóun ń dì.

Àárọ̀ ni èsì dé, lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ọ̀kà. Àwọn èrò ti sọ̀ tán, àwọn ọmọ ń kọrin ìpéjọ nínú ọgbà. Fóònù rẹ̀ dún, ó wò ó, ó sì nà án sí mi. Mo kà á bí mo ṣe máa ń kàwé, díẹ̀díẹ̀. Ó yege, wọ́n ti mú un. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀kejì kí n má baà ṣì í kà fún un. Ìyàwó wa gbé orí lé iwájú ọkọ̀, èjìká rẹ̀ ń mì, mo sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nu ojú rẹ̀, ó pe ẹ̀gbọ́n mi, ó pe ìyá rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì bọ́ sílẹ̀, nítorí pé òun ló ní kíláàsì àkọ́kọ́.

Ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, kò tíì tì í.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, ọkọ mi? Ẹ ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí mo lọ kọ yẹn. Ìdánwò oníwèé mẹ́wàá ṣì wà fún ẹni tó bá fẹ́."

Mo sọ fún un pé ó yẹ kí n máa lọ, pé àwọn èrò Ìkàrẹ́ ń dúró dè mí ní gáréèjì. Ó mi orí, ó dágbére fún mi, ó sì wọlé lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀. Èmi ò lọ. Mo jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé kíláàsì, tó ń sọ fún ẹnì kan pé kó má mi orí fún òun, kó tún un sọ.