Àwẹ̀ Gbígbẹ Ṣáájú Àwòrán Ọkàn

Ìyá tí ó bí bàbá mi kò lè rìn dé oko kòkó wa láìdúró mọ́. Bí a bá ti ń gun òkè díẹ̀, wọn a fi ọwọ́ di àyà mú, wọn a jókòó sórí àpáta, wọn a sì ní ìlú ni àwọn ń wò. Nígbà tí ó pẹ́, a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan tí ó jìnnà sí Ìdànrè, ìlú wa. Dókítà ní àfi kí a ya àwòrán ọkàn wọn: wọn yóò ki rọ́bà tín-ín-rín bọ iṣan ọrùn ọwọ́, wọn yóò sì fi oògùn kan gba inú rẹ̀ kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ inú ọkàn lè hàn kedere.

Nọ́ọ̀sì fara balẹ̀ ṣàlàyé fún bàbá mi àti èmi. Ó ní kíndìnrín ni yóò sẹ́ oògùn náà jáde, àti pé bí omi kò bá tó lára àgbàlagbà tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà bíi ti màmá, oògùn náà lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

“Kí màmá má jẹun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn o. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n máa mu omi dáadáa.”

Alàgbà ni bàbá mi nínú ìjọ aláṣọ funfun wa ní àdúgbò Aládé. Ní ìjọ wa, ohun tí ó bá wúwo, àwẹ̀ gbígbẹ ni a fi ń gbé e: kò sí oúnjẹ, kò sí omi. Nígbà tí ọjọ́ àwòrán kù sí dẹ̀dẹ̀, bàbá mi kó gbogbo ilé jọ.

“Wọ́n ní kí Màmá má jẹun. Kí ló dé tí a ó fi gba àwẹ̀ náà lábọ̀? Gbígbẹ ni a ó gbà á.”

“Bàámi, nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n mu omi.”

“Ta ló fi ọ́ jẹ dókítà? Torí wọ́n ń kọ́ ọ ní báyọ́lọ́jì?”

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. “Fi ọmọ sílẹ̀. Mo ti ń gbààwẹ̀ kí n tó bí ìwọ gan-an. Ṣé omi máa sá lọ ni?”

Ní ọjọ́ tó ṣáájú àwòrán, gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ àwẹ̀ náà. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a ń kọrin àdúrà, ohùn ìyá àgbà ti há, ètè wọn sì ti bó.

Lọ́jọ́ kejì, ní ilé ìwòsàn, níwájú gbogbo ẹni tí ó jókòó, nọ́ọ̀sì bèèrè bóyá Màmá mu omi.

“Wọ́n mu ún dáadáa, sístà,” ni bàbá mi wí. “Àwa la tún ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sinmi!”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu bàbá mi rí. Ìyá àgbà ń wo ilẹ̀. Wọ́n ti ń ti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gbé wọn jókòó lé lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá àwòrán nígbà tí mo gbọ́ ohùn ara mi:

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọn ò mu omi rárá. Àwẹ̀ gbígbẹ la gbà.”

Obìnrin kan pàtẹ́wọ́. “Háà! Ọmọ tú bàbá ẹ̀ fó ní gbangba!”

Wọ́n dá kẹ̀kẹ́ padà, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ Màmá. Dókítà ní ó ti rẹ kíndìnrín wọn, pé bí àwọn bá ti fa oògùn náà sí wọn lára, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ. Àwòrán di ọjọ́ iwájú. Wọ́n fa omi sí wọn lára díẹ̀díẹ̀, nítorí ọkàn wọn kò lè gba púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá mi pè mí síta.

“O ò lè fọwọ́ kàn mí, kí o sọ ọ́ sí mi létí?”

Mo kúnlẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ; bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ́ mi nílé. A kì í ká aṣọ lára bàbá ẹni lójú ọjà.

Nígbà tí ara kíndìnrín náà balẹ̀, wọ́n ya àwòrán. Bàbá mi fúnra wọn ni wọ́n ń gbé ife omi sí ìyá wọn lẹ́nu ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀.

“Màmá, ẹ gbé e mì, kí ọmọ yín má tún lọ fẹjọ́ wa sùn.”

“Odò Owena lo fẹ́ dà sí mi nínú yìí?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ìtọ̀ wọn ń jáde bó ti yẹ, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n tún ṣe sì fi hàn pé nǹkan kan kò ṣe kíndìnrín wọn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí a dúpẹ́, bàbá mi dìde níwájú ìjọ. Mo rò pé agbára àwẹ̀ ni wọn yóò jẹ́rìí sí.

“Mo purọ́ nílé ìwòsàn,” ni wọ́n wí. “Irọ́ náà ì bá pa ìyá mi lára. Ọmọ mi ló sọ òótọ́.”

Kò sí ẹni tí ó ṣe àmín. Àwọn tí bàbá mi ti máa ń bá wí wà níbẹ̀, tí wọ́n ń wò wọ́n. Ìyá àgbà fa sùtánà mi, wọ́n ní kí n gbórí sókè. N kò lè gbé e. Ì bá sàn fún mi kí bàbá mi nà mí nílé ju kí wọ́n dúró síbẹ̀ yẹn lọ nítorí mi.