Ìbílọlá Lọ Dá Wà Létí Odò Mekong

Ohun kan ṣoṣo ni Ìbílọlá Bámgbóyè ń wá: ọjọ́ mẹ́jọ tí ẹnikẹ́ni kò ní pe orúkọ rẹ̀. Kí a sọ ọ́ bó ṣe rí, kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ènìyàn. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni, ó sì ti lo ọdún mọ́kànlá nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Calgary, ní Kánádà, níbi tí aago ti ń dún lórí ibùsùn kọ̀ọ̀kan títí iṣẹ́ fi máa ń parí. Bó bá dé basement, yàrá abẹ́ ilé tó ń gbé ní àdúgbò Marlborough, fóònù ni yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ aago. Ẹni tó fẹ́ kó bá òun mú ọmọ ní daycare yóò pè. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láti Ìbàdàn yóò pè. Ṣọ́ọ̀ṣì yóò pè nítorí ìrẹsì tí wọ́n fẹ́ kó sè.

Nínú train ló ti rí àwòrán Luang Prabang, ìlú àtijọ́ kan ní orílẹ̀-èdè Laos, níbi tí odò kékeré kan ti ń ṣàn wọ inú odò ńlá Mekong. Ó rí àwọn ilé onígi àti àwọn òrùlé aláwọ̀ wúrà. Ó tún rí àwọn ènìyàn tó jókòó sórí àtẹ̀gùn létí omi, tí wọn kò ṣe nǹkan kan. Èyí tó wọ̀ ọ́ lójú jù nìyẹn. Ó gba ìsinmi nínú oṣù kejì, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ kéré jù, ó sì gba bẹ́ẹ̀dì kan nílé àlejò kékeré létí odò, nínú yàrá tí obìnrin mẹ́rin ń pín. Àpò ẹ̀yìn kan ṣoṣo ló dì.

Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó sọ fún Débọ́lá.

Débọ́lá, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Chestermere nítòsí Calgary, gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Laos? Ta lẹ mọ̀ níbẹ̀?"

"N kò mọ ẹnì kankan. Ìdí tí mo fi ń lọ nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣẹ̀ yín?"

"Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí. Mo fẹ́ sinmi ni."

"Ẹ wá sinmi lọ́dọ̀ mi nígbà náà. Ṣebí omi wà lẹ́yìn ilé mi. Ó ti dì lóòótọ́, àmọ́ omi náà ni."

Ìbílọlá rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kó tó dìde, Débọ́lá béèrè orúkọ ilé àlejò náà, ó ní nítorí ohun tó bá lè ṣẹlẹ̀ ni. Ìbílọlá, ẹni tó yẹ kó mọ àbúrò rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kọ ọ́ fún un.

Lọ́jọ́ tó dé Luang Prabang, ọkùnrin gíga kan dúró sẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀ òfúrufú, ó gbé páálí tí wọ́n kọ "MUMMY ÌBÍLỌLÁ" sí dání. Kó tó ráyè yà gba ibòmíràn, ọkùnrin náà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn òyìnbó sì ń yí àpò wọn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

"Ẹ káàbọ̀, Mummy. Ọláwándé lorúkọ mi. Èmi ni àbúrò ìyàwó pásítọ̀ Àǹtí Débọ́lá."

"O ṣeun, ọmọ mi. Àmọ́ mo ti níbi tí mò ń lọ."

"Ilé àlejò yẹn? Mo ti lọ bá wọn lánàá. Mo ní kí wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì náà fún ẹlòmíràn." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó mú ìròyìn ayọ̀ wá. "Kí ìyá mi wá sílùú tí mo wà, kó wá lọ máa sùn sáàárín àwọn ọmọ òyìnbó? Kí ni màá wí nílé?"

Ó ti fi bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó sì tẹ́ ẹní fún ara rẹ̀ sílé ìdáná. Kí lèèyàn fẹ́ wí fún ẹni tó ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ẹni? Ìbílọlá dúpẹ́.

Ọdún mẹ́ta ni Ọláwándé ti ń kọ́ àwọn ọmọdé lédè Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ó sì ti gba àyè níbi iṣẹ́ fún gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Bí Ìbílọlá bá ń wo odò, á máa ṣàlàyé odò fún un. Bó bá jókòó, á yà á ní fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sí Débọ́lá, Débọ́lá á sì pè kó tó dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rẹ́rìn-ín! Ọláwándé, tún un yà!" Ìbílọlá ra búrẹ́dì lẹ́bàá títì, Ọláwándé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní inú lè run ún. Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbé adìyẹ méjì wọlé. Àwọn ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, olùkọ́ bíi tirẹ̀, ń wọ train bọ̀ láti olú-ìlú. Ó ti sọ fún wọn pé ìyá dé.

"Mummy, ọbẹ̀ ata lásán ni. Ẹ ò mọ bó ṣe ń wù wá tó."

Wákàtí mẹ́rin ni Ìbílọlá fi dúró ti iná. Wọ́n jẹun, wọ́n pè é ní Mummy lọ́tùn-ún lósì, ọ̀kan nínú wọn sì béèrè bóyá ó lè bá òun wáṣẹ́ ní Calgary. Bó ṣe ń fọ abọ́, ó rò ó pé níbi iṣẹ́, wọn ì bá ti ní kóun lọ sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà, ó rọra jáde nígbà tí Ọláwándé ṣì ń hanrun. Àwọn mọ́ǹkì, àwọn ẹlẹ́sìn Búdà aláṣọ àwọ̀ ọsàn, tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ará ìlú. Ó kọjá wọn, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn létí Mekong. Kùrukùru bo omi. Ọkọ̀ ojú omi kan kọjá. Ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ rẹ̀. Bóyá ogún ìṣẹ́jú ni.

Fóònù dún. "Ẹ̀gbọ́n mi, níbo lẹ wà? Ẹ ti fẹ́ẹ̀ ya ọmọ yẹn ní wèrè!"

Kó tó dáhùn, Ọláwándé ti dé lórí ọ̀kadà, ó mú súwẹ́tà rẹ̀ dání.

"Mummy, ẹ bá ti jí mi."

"Ọláwándé, jókòó." Ó jókòó. "O ṣe dáadáa sí mi, n kò sì ní ẹ̀sùn kankan. Àmọ́ torí kí n lè dá wà ni mo ṣe wá. Mò ń kó lọ sílé àlejò lónìí."

Ọláwándé ká súwẹ́tà náà sórí orúnkún rẹ̀. "Ọdún mẹ́ta, Mummy. Kò sí ọmọ Yorùbá nínú àwọn tó wá yẹn. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bá mi sọ Yorùbá lójúkojú."

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ó tún bí i nínú, torí pé ọmọ náà kò ṣeé bínú sí. Ó mọ̀ pé bóun bá fi lè tẹ̀lé e padà sílé, ọjọ́ méjì tó kù ti lọ nìyẹn.

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Máa pè mí bí mo bá dé Calgary, a ó jọ máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ méjì yìí."

Wọ́n ti fi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún ẹlòmíràn lóòótọ́. Èyí tó kù wà lókè, lẹ́bàá ilé ìwẹ̀, ó sì gbà á. Ó jẹ búrẹ́dì. Inú kò run ún. Ọ̀sán ọjọ́ keje ló tó ṣàkíyèsí pé òun kò tíì la ẹnu láti àárọ̀. Bó ṣe wá mọ bí wọ́n ṣe ń dá wà nìyẹn, lọ́la ló sì ń lọ.

Débọ́lá ló wá gbé e ní pápákọ̀ òfúrufú ní Calgary.

"Ẹ wá ṣe ọmọ ọlọ́mọ báyìí! Ìyàwó pásítọ̀ ò dá mi lóhùn mọ́." Ó ya ọkọ̀ sí títì Marlborough. "Ó dáa, lọ́dún tó ń bọ̀, èmi àti ẹ̀yin la jọ ń lọ. Mo ti rí hòtẹ́ẹ̀lì tó gba àwọn ọmọdé."

"Rárá," ni Ìbílọlá wí.

Débọ́lá rò pé àárẹ̀ ìrìn-àjò ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí dárúkọ àwọn ìlú tí wọ́n lè lọ. Ó ṣì ń dárúkọ wọn nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé. Ìbílọlá ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó tún "Rárá" náà sọ ketekete, ó sì bọ́ sílẹ̀ sínú snow.