Ẹsẹ̀ Tó Ṣáájú Bàtà

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ayé wa dàrú, ipasẹ̀ ìgalà ni èmi àti àbúrò mi, Ràṣídì, ń tọ̀ nínú igbó ẹ̀yìn abúlé wa, létí ọ̀sà, nítòsí Ìjẹ̀dé. Ìgalà tó ń jẹko jẹ́jẹ́ a máa pa pátákò rẹ̀ pọ̀. Bí ó bá ń sá, pátákò á là, ṣóńṣó rẹ̀ á sì wọlẹ̀. Èyí tí a rí là. Ohun tó kọ mí lóminú ni pé apá abúlé ni ẹran náà sá sí.

"Ajá ló lé e, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ajá wo ni kì í gbó? Ipasẹ̀ rẹ̀ dà?"

"Ẹ̀yin náà! Bí ewé bá já, ẹ ó ní ọ̀tá ni."

Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ìbọn dún.

Ìjà ilẹ̀ ti wà láàárín àwa àti abúlé kejì láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu la fi ń jà á. Lọ́jọ́ náà, àwọn tó gbé ìbọn gba ọ̀nà ọdẹ wọlé. Ràṣídì sáré lọ gbé ìyá wa. Ìyá wa jáde; òun kò jáde.

Ìlàjẹ kan fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa dé Ẹ̀pẹ́. A sùn sí ẹ̀bá Ọjà Olúwo. Òórùn ẹja yíyan ń wọ imú wa, ebi sì ń pa wá. Ìyá mi kò sọ ti oúnjẹ. Ibi tí Ràṣídì wà ló ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ọkọ̀ tó bá gúnlẹ̀.

Nígbà tí àwọn ṣọ́jà pẹ̀tù sí ìjà náà, mo padà lọ sin àbúrò mi. Lẹ́yìn náà ni mo yà sí ọ̀nà ọdẹ. Oòrùn ti mú ẹrẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, ojú bàtà àwọn tó gbé ìbọn wá sì le bí bíríkì. Pàkúté onírin wa pọ̀ lọ́nà náà. Àṣà àwa ọdẹ abúlé wa ni pé bí a bá dẹ pàkúté sí apá ọ̀tún, apá òsì la ó so koríko ní kókó sí, kí olè má baà rí ẹran wa jí. Níbòmíràn, ibi tí pàkúté wà gan-an ni ọdẹ ń so kókó sí; nítorí náà, àjèjì tó bá yà fún kókó, inú pàkúté ni yóò bọ́ sí. Pàkúté kò mú ẹnì kankan nínú wọn. Ẹ̀gbẹ́ kókó gan-an ni gbogbo wọn tẹ̀.

Lábẹ́ àwọn bàtà náà ni mo ti rí ẹsẹ̀ ọ̀tún kan tí kò wọ bàtà, tí kò sì ní àtàǹpàkò. Pàkúté ló gé ti Sùlé, ẹnìkejì mi nínú ọdẹ, kí ìjà náà tó dé. Gìgísẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ ju orí ìka lọ. Kò sáré. Ẹnikẹ́ni kò tì í.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀. Sùlé jókòó níbẹ̀.

"Ipasẹ̀ ẹran lo mọ̀," ni Baálẹ̀ wí. "Ènìyàn kì í ṣe ìgalà. Má tún dáná sí wa lára."

"Bí wọ́n bá fi ìbọn mú un ni, Baálẹ̀, kó sọ ọ́. N ó foríjì í."

Sùlé rẹ́rìn-ín. "Lámídì ọ̀rẹ́ mi, ebi Ẹ̀pẹ́ ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu."

Kò sọ pé òun kọ́.

Àwọn ọlọ́pàá ní àwọn ń bọ̀ wá wo ipasẹ̀ náà. Òjò ló kọ́kọ́ dé.

Igbó náà ti dákẹ́ báyìí. Ẹ̀yin ọmọ tí a bí lẹ́yìn ìjà ń dọ̀bálẹ̀ fún Sùlé. N kò bá yín wí. Ṣùgbọ́n n kò da sìmẹ́ńtì sí iwájú ilé mi. Àràárọ̀ ni mo ń gbá iyanrìn ibẹ̀ kó tẹ́jú. Bí ewúrẹ́ bá kọjá, mo mọ ewúrẹ́ ta ni. Nígbà tí ìyá wa kú, gbogbo abúlé bọ́ bàtà sí etí iyanrìn náà, wọ́n wọlé wá kí mi. Sùlé náà wá. Orí títì ló dúró sí, tòun ti bàtà, ó sì kígbe kí mi láti ibẹ̀.